Gómìnà Tí Ó Fẹ́ Di Ààrẹ: Kí Ni Kí A Fi Wọ̀n Ọ́n?

Bí ènìyàn bá gba Ṣómólú kọjá ní àkókò ìdìbò, yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Àwọn atẹ̀wé wa níbẹ̀ ni ó ń tẹ àwòrán àwọn tí ń wá ipò: ẹni tí ó fẹ́ ṣe káńsẹ́lọ̀, ẹni tí ó fẹ́ ṣe gómìnà, àti ẹni tí ó ti ṣe gómìnà tí ó sì ń fẹ́ di ààrẹ. Àwòrán a máa dán, ọ̀rọ̀ a sì máa dùn. Ìbéèrè tí àwa fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú ní oṣù yìí ni èyí: nígbà tí gómìnà kan bá wí pé òun tó ààrẹ í ṣe, kí ni kí a fi wọ̀n ọ́n?

Àpẹẹrẹ kò jìnnà sí wa. Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1999 títí di ọdún 2007. Ní ìdìbò oṣù kejì ọdún 2023, ìbò 8,794,726 ni ó fi di ààrẹ. Ṣùgbọ́n ní Èkó gan-an tí ó ti ṣàkóso fún ọdún mẹ́jọ, Peter Obi, tí òun náà ti ṣe gómìnà ní Anambra, ni ó lékè pẹ̀lú ìbò 582,454, nígbà tí ti Aṣíwájú jẹ́ 572,606. Àwọn kan pe èyí ní àìmoore. Àwọn ẹlòmíràn wí pé ẹni tí ó súnmọ́ ìkòkò ni ó mọ bí ọbẹ̀ ti rí. Òtítọ́ ni pé ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwa kò rò pé jíjẹ́ ọmọ ẹni nìkan tó òṣùwọ̀n.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà kò tó òṣùwọ̀n. Nígbà kan rí, a mọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ yàtọ̀ sí Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ, ẹni tí ó bá sì dárúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ohun tí yóò ṣe. Lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Onítẹ̀síwájú ni ẹgbẹ́ APC pe ara rẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí ààrẹ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ tí ó gorí àléfà, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ni kí ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, a fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Ẹgbẹ́ Conservative ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ìbá pàtẹ́wọ́ fún irú ìlànà bẹ́ẹ̀.

Àwa kò wí pé ìlànà náà burú pátápátá. Àwọn olùdíje ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ọdún 2023 ni ó sọ pé àwọn yóò fòpin sí owó ìrànwọ́ náà. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé owó epo láti náírà 65 dé nǹkan bí 141, Aṣíwájú wà lára àwọn tí ó sọ̀rọ̀ líle lòdì sí i. Ọ̀jọ́ta, tí kò jìnnà sí wa, ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn péjọ sí ní ọjọ́ wọ̀nyí, títí ìjọba fi sọ owó náà kalẹ̀ sí náírà 97. Bí ọkàn ènìyàn bá yí padà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́. Atẹ̀wé Ṣómólú tí ó ń fi epo ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ọba kò bá sí ni ó san owó ìyípadà náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ohun tí ó kan ẹnu ọ̀nà wa. Àwa tí ń bẹ ní Ladi-Lak, tí Ṣómólú wà ní ọwọ́ kan tí Bàrígà sì wà ní ọwọ́ kejì, kò lè gbàgbé ọdún 2003. Ní ọdún náà ni Gómìnà Tinúbú wí pé ìjọba ìbílẹ̀ 20 kéré jù fún Èkó, nígbà tí Kano ní 44. Ó dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀, èyí tí ará ìlú ń pè ní LCDA, Bàrígà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bínú, ó sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní ọdún 2004. Gómìnà gbé ọ̀ràn náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ wí pé ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó náà dúró. Ó sì wí pẹ̀lú pé àwọn ìjọba tuntun náà kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Síbẹ̀, ìyókù owó náà kò jáde títí Umaru Yar'Adua fi gba ìjọba ní ọdún 2007. Ní gbogbo àkókò yìí, Èkó fi owó orí tí ó ń gbà nílé gbé ara rẹ̀ ró. Nínú ìjà yìí ni orúkọ Aṣíwájú ti ga: gómìnà tí ó wí fún ààrẹ pé ìpínlẹ̀ kì í ṣe ẹrú.

Nígbà tí ó di ààrẹ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a yìn ín níbi tí ìyìn tọ́. Ní ọdún 2024, ìjọba rẹ̀ fẹ́ kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Kò fi agbára gba owó ẹnikẹ́ni. Ilé ẹjọ́ ni ó lọ, ó sì borí ní ọjọ́ 11 oṣù keje. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025, nítorí ìjà òṣèlú àti ọ̀ràn ọ̀pá epo, ó kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ó dá Gómìnà Siminalayi Fubara, igbákejì rẹ̀ àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà dúró fún oṣù mẹ́fà. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni kí ẹni tí pàṣán náà ti bà rí tún nawọ́ mú un. Ní ti Bàrígà, orúkọ Ṣómólú nìkan ni ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa títí di òpin ọdún 2025. Ogún ọdún ó lé méjì lẹ́yìn tí a dá a sílẹ̀, orúkọ Bàrígà kò tíì wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí àwa dábàá rèé: ohun tí gómìnà bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jù ú lọ, ṣé ó ń fi í fún ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀? Gómìnà tí ó ń pariwo pé Àbújá ń jẹ ẹ̀tọ́ òun, ẹ lọ wo bí ó ti ń ṣe sí ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀: ǹjẹ́ owó wọn ń dé ọwọ́ wọn, ǹjẹ́ alága wọn lè sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀? Bí kò bá lè gba àtakò alága Ṣómólú, kò ní gba ti gómìnà kankan nígbà tí ó bá dé Àbújá.

Ọdún 2027 ni ìdìbò ààrẹ mìíràn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú yóò sì tún ké. Ẹ̀yin ìjòyè, àwọn tí ń wá ipò yóò wá kí yín ní ààfin, wọn yóò sì dọ̀bálẹ̀. Ẹ gbà wọ́n bí ọmọ, ẹ súre fún wọn. Ṣùgbọ́n kí wọn tó dìde nílẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan yìí níwájú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì jẹ́ kí akọ̀wé kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.