Ẹ̀rọ kọ́ ló ń pa orin ijó wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú sí wa, nítorí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí yóò dun àwọn kan.

Gbogbo ìnáwó tí a bá lọ báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, àti lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wa tó ti lé ní ogójì ọdún: « Orin ayé ìsinsìnyí kì í ṣe orin. Ẹ̀rọ ló ń lùlù, ẹ̀rọ ló ń kọrin. Nígbà tiwa, ènìyàn ló ń ṣe é. » Wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ: Sunny Adé, Ebenezer Obey, Shina Peters, Barrister, Kollington. Wọn á mirí, wọn á ní ayé ti bàjẹ́.

Àwa kò gbà. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn àwọn àwo wọ̀nyẹn. A fẹ́ràn wọn gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wà nínú àwọn àwo tí ẹ ń sunkún wọn yìí. Ẹ̀rọ kọ́ ló ń pa orin ijó wa. Àwọn tó ń ṣe ìnáwó tí wọn kò pe olórin mọ́ ló ń pa á, àti àwọn tó fi àwo sílẹ̀ fún ikán.

Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gbé Juju Music ti King Sunny Adé, tó jáde ní 1982. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀? Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Lomé ni, ní Tógò, ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Martin Meissonnier, ló darí iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ Island. Gìtá tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí ohùn rẹ̀ ń fà bí ẹni ń sunkún, orin àwọn ará oko Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kò sí baba ńlá wa kankan tó ta irú rẹ̀. Ní 1983, Synchro System tẹ̀lé e, dùrù oníná pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì yan àwo náà mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy. Ní 1984, Aura dé: ẹ̀rọ ìlù ń dún nínú rẹ̀ kedere, Stevie Wonder sì fọn hamóníkà sí i. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ń ba orin jẹ́, kó kọ́kọ́ lọ da Aura nù sí ààtàn. Ṣé ẹ ó lè ṣe é?

Ẹ gbé Ace ti Shina Peters, tó jáde ní 1989, tí Laolu Akins darí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwa wà nígbà náà. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba Igolo wọlé, kò sì sí ọkọ̀ akérò láti Àjàṣẹ́ sí Pobè tí kò lù ú. Kíbọ́ọ̀dù ń sáré nínú rẹ̀, ìlù ń sáré, gbogbo rẹ̀ yára ju jùjú tí àwọn bàbá wa mọ̀ lọ. Kí ni àwọn bàbá náà sọ fún wa? Wọ́n ní ariwo ni, wọ́n ní kì í ṣe jùjú. Lónìí, àwa tí wọ́n ń bá wí nígbà náà ti di bàbá, orin tí wọ́n pè ní ariwo sì ti di orin àtijọ́ tó dára. Àwọn ẹgbẹ́ wa kan wá mú ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n fi ń lu àwọn ọmọ tiwọn.

Ẹ padà sẹ́yìn sí i. I.K. Dairo ló gbé akọ́díọ̀nù wọ inú jùjú. Òyìnbó ló ṣe akọ́díọ̀nù. Ní 1963, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá I.K. Dairo lọ́lá, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè lónìí pé ta ló ṣe àpótí tó gbé sáyà. Orin ìbílẹ̀ ni ẹ ń pè é.

Àwọn kan á ní: « Onílù gidi kì í bá ẹ̀rọ ṣe pọ̀. » Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún jẹ́ onílù gidi ju Tony Allen lọ, ẹni tó lùlù fún Fela? Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó ṣe àwo kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó sọ ní N.E.P.A. Ó mú orúkọ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Nàìjíríà, ó yí i padà sí « má retí iná nígbà gbogbo ». Àwo náà kún fún ohùn ẹ̀rọ. Ní 2018, nígbà tó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, ó jókòó sídìí ìlù rẹ̀, ó kọjú sí Jeff Mills, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá orin tẹ́kínò láti Detroit ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe Tomorrow Comes the Harvest pọ̀. Paris ló kú sí ní 30 oṣù kẹrin ọdún 2020. Ẹ̀rọ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú.

Kí wá ni ohun tó sọnù? Eré ojú agbo ni.

Ẹ wo àwo jùjú dáadáa. Ojú kan rẹ̀ lè lọ tó ogún ìṣẹ́jú láìdúró, orin kan ń bọ́ sínú èkejì. Kí ló fà á? Nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣeré lójú agbo. Àwo ń sin òde àríyá. Bí ìyàwó bá jáde ijó, olórin á rí i, á dá orin tó ń kọ dúró, á kí i, á kí ìyá rẹ̀, á kí ilé tí wọ́n ti bí i. Gángan á sọ̀rọ̀, ẹni tó ń jó á fi ẹsẹ̀ dáhùn. Bí ijó bá gbóná, orin á gùn sí i. Bí ó bá rọ̀, wọ́n á yí i padà. Kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ìlù tó wà láàárín wọn, abẹ́ àwọn onílù ló wà, òun kọ́ ni ọ̀gá.

Ẹ wo ìnáwó ìsinsìnyí ní Pobè tàbí ní Sakété. Àgọ́ tó gba igba ènìyàn, aṣọ ẹbí oríṣi méjì, ọtí kún inú yìnyín. Sono ńlá méjì á máa gbọn ilẹ̀, ọmọkùnrin kan á jókòó pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti clé USB. Kò mọ orúkọ òkú àgbà tí à ń sin. Kò mọ oríkì ìdílé náà. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un, kò sì sẹ́ni tó sanwó fún un láti mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà tó gbà á síṣẹ́ ló tún máa jókòó sábẹ́ àgọ́ kan náà tí wọn á máa ráhùn pé orin ìsinsìnyí kò ní ẹ̀mí. Ta ló yọ ẹ̀mí náà kúrò?

Wọ́n á ní owó kò sí. A mọ̀ pé owó le. A mọ̀ pé ẹgbẹ́ olórin lè tó ogún ènìyàn, pé oúnjẹ wọn, ọkọ̀ wọn àti owó wọn pọ̀ ju ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gé kúrò nígbà tí owó kò bá tó. Wọn kì í gé ọtí. Wọn kì í gé aṣọ ẹbí. Onílù ni wọ́n ń gé. Ọmọ onílù rí i, ó gbé gángan bàbá rẹ̀ kọ́ sára ògiri, ó lọ ra ọ̀kadà, ó di zémìjàn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọn á ní ọ̀dọ́ kò fẹ́ kọ́ ìlù mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ìpamọ́. Ẹgbẹ́ Poly-Rythmo ti Kútọnu bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Èkó, ní sítúdíò EMI, ni wọ́n ti gba púpọ̀ nínú àwo wọn sílẹ̀ fún Albarika Store: ẹ rí i pé ààlà kò dí orin lọ́wọ́ rí. Ta ló kó àwọn àwo náà jọ nígbà tí eruku bò wọ́n? Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ni, Analog Africa, tó tún gbé wọn jáde láti 2008. Ní 2009, ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ní Yúróòpù, lẹ́yìn ogójì ọdún. William Onyeabor, ọmọ Ígbò ará Enugu, ṣe àwo ijó tó kún fún dùrù oníná láàárín 1977 sí 1985. Luaka Bop ní New York ló kó wọn jọ ní 2013, àwọn olórin ńlá sì dá ẹgbẹ́ Atomic Bomb! sílẹ̀ láti máa ṣe wọ́n lójú agbo. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó tẹ Ifá, Osunlade, dá ilé iṣẹ́ orin ijó ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Yoruba Records. Àjòjì gbọ́ ohùn náà, ó mọ̀ pé ó níyì. Ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn kan ń fi àwo bo ìkòkò.

Àwọn ará Jámánì kò tijú ẹ̀rọ wọn. Ní 2012, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York gba ẹgbẹ́ Kraftwerk lálejò fún alẹ́ mẹ́jọ, àwo kan fún alẹ́ kan. Ní 2024, Jámánì kọ tẹ́kínò Berlin sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Àwa náà mọ ọ̀nà yìí. Bénin, Nàìjíríà àti Tógò jọ gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ síwájú UNESCO, wọ́n sì gbà á ní 2001. Kò ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè nìyí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sin òkú àgbà tàbí gbé ìyàwó: ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ọtí, ẹ pe olórin fún wákàtí kan péré. Kí DJ gba ìyókù. Àwọn méjèèjì lè jọ ṣe é.

Ẹ̀yin DJ wa: a kò bá yín jà. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ fún gángan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yín, kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tí à ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀ kí ẹ tó tan sono.

Ẹ̀yin mairie ti Pobè àti ti Sakété: ọjọ́ kan lọ́dún fún àwọn ẹgbẹ́ olórin ìlú, pẹ̀lú iná tó dájú, kò pọ̀ jù. Ẹ pe àwọn ará òdìkejì ààlà sí i.

Ẹ̀yin tí àwo àti kásẹ́ẹ̀tì wà ní àjà yín: ẹ má tà wọ́n fún ẹni tó ń kó wọn lọ ní àpò kan. Ẹ kọ orúkọ olórin, ọdún àti ibi tí ẹ ti rà á. Àwọn ọmọ CEG wa tó mọ fóònù lò jù wá lọ lè gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ikán tó jẹ wọ́n tán. Àwa olùkọ́ yóò kó wọn jọ fún iṣẹ́ náà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà wà lọ́jà, owó ìnáwó sì wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá tún fẹ́ bú ẹ̀rọ níbi ìnáwó tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa: olórin wo ni ẹ pè?