Ọwọ́ Táípíìsì Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀ pé kí wọ́n yé bú àwọn ọmọ tó ń bá wọn táípù. "Ọwọ́ ẹ ti wúwo jù." "Níbo lọkàn ẹ wà?" Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn bí oníbàárà bá rí i pé ìlà kẹta lẹ́tà òun ti lọ há sínú ìlà kìn-ín-ní. Ọ̀gá mìíràn á tún yọ owó bébà tó bàjẹ́ kúrò nínú owó oṣù. Èmi ò gbà. Touchpad ló ṣe é.

Ẹ wo láptọ́ọ̀pù yín dáadáa. Ibi tí ìdí àtẹ́lẹwọ́ ń sinmi sí gan-an ni touchpad wà. Ta ló gbé e síbẹ̀? Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́, etí iwájú ni kíbọ́ọ̀dù wọn máa ń wà. Apple ló ti kíbọ́ọ̀dù sẹ́yìn nínú PowerBook ní 1991 kí ọwọ́ lè ríbi sinmi. Nígbà tó di 1994, wọ́n gbé touchpad sáàárín ibi ìsinmi yẹn, àwọn yòókù náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ó dà bí ẹni tó pàtẹ tòmátò sójú ọ̀nà lábẹ́ afárá Òṣòdì, tó wá ń bú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan igbá.

Tó bá wá jẹ́ Yorùbá olámì lẹ ń kọ ńkọ́? Yéè! Lẹ́tà "ẹ" ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n "ẹ̀" ò ní: lẹ́tà kan ni, pẹ̀lú àmì tó ń tẹ̀ lé e. Bí ọwọ́ bá kan touchpad láàárín àwọn méjèèjì, atọ́ka á fò, àmì á lọ bà lé orí lẹ́tà ẹlẹ́tà. Ẹ fẹ́ kọ "ọkọ̀ mi ti dé Òṣòdì", ọkọ̀ di ọkọ. Ẹ máa ṣàlàyé nílé o. Lẹ́yìn náà, a ó máa bi àwọn ọ̀dọ́ pé kí ló dé tí wọ́n fi pa àmì tì.

Àwọn kan ní ká fi bébà bò ó. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò lè dí i lọ́wọ́, torí touchpad kì í dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ń mọ̀ ọ́n lára bí awọ ara bá ti sún mọ́ ọn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àtúnṣe rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Nínú Windows 11, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Bluetooth & devices, ẹ tẹ Touchpad. Ẹ mú àmì kúrò níwájú "Leave touchpad on when a mouse is connected". Bí máòsì bá ti wọlé, touchpad á sùn. Bí kò bá sí máòsì, ẹ fa sensitivity wálẹ̀ sí Low. Tòkunbọ̀ tí kò ní gbogbo èyí, ẹ wá bọ́tìnì tí wọ́n ya touchpad sí lókè kíbọ́ọ̀dù, ẹ tẹ òun àti Fn pọ̀.

Ṣé táípíìsì tó ń gbowó táṣẹ́rẹ́ ló yẹ kó mọ ìyẹn, àbí ẹni tó ni ẹ̀rọ? Ọ̀gá, kẹ́ ẹ tó yọ owó ọmọ ọlọ́mọ lóṣù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ra máòsì.