Ẹ̀tọ́ Ni, Kì í Ṣe Sàráà

Ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé wa parí ní 1970, ni Ìjọba Àpapọ̀ máa ń ṣe ìrántí àwọn jagunjagun tí ó kú fún ilẹ̀ yìí. Olórí wa yóò gbé òdòdó sílẹ̀; ìbọn yóò dún; wọn yóò tú ẹyẹlé sójú ọ̀run. Ó dára. Ta ni yóò ní kí a má bọlá fún akọni?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni mo ń rò. Ọkọ rẹ̀ bógun lọ ní Borno. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ikú, ó ti kó wọn lọ sí ọ́fíìsì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. “Ẹ padà wá” ni èsì. Ọmọ rẹ̀, tí ó mọ oríkì ju èmi olùkọ́ rẹ̀ lọ, kò rówó ìdánwò san.

Bí ọjọ́ ìrántí bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a máa ta báàjì fún wa kí a lè fi ṣàánú irú wọn. Àánú kẹ̀? Gbèsè ni! Ẹni tí ó rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ogun ni ó jẹ ẹ́. Kí ìjọba san án kí Ṣẹ́rẹ́ tó dé. Bí wọn kò bá san án, kí wọ́n fi ẹyẹlé wọn sílẹ̀ nínú àgò.