Ẹ Má Tìtorí Rúlà Kó Ìwé Ìjà Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró ka bọ́ọ̀dù yìí, ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ti ti kọ́bọ́ọ̀dù ìwé ìtàn pa. Ọmọ SS1 kan ló sọ rúlà onírin di idà, ó fi dá ọgbẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lápá. Nígbà tí wọ́n bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ, ó ní inú ìwé ni. Èmi ni mò ń mójú tó kọ́bọ́ọ̀dù náà, èmi ni mo sì yá a níwèé, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Igbó Olódùmarè ti D. O. Fágúnwà ni ìwé náà, èyí tó jáde ní 1949. Kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi, mo tún un kà lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń wá ẹ̀bi mi níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí Olówó-ayé ti pàdé Èṣù-kékeré-òde. Kí wọ́n tó gbá ara wọn mú, wọ́n kọ́kọ́ fi ẹnu jà ná. Kálukú sọ irú ẹni tóun jẹ́, kálukú halẹ̀ mọ́ ẹnì kejì. Mo bi ọmọ yẹn bóyá ó ka ibẹ̀. Ó ní, "Sẹ́níọ̀, mo fò ó. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti pọ̀ jù." Ẹ má tíì bú u o. Nígbà tí mo wà ní JSS2, bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn: mo máa ń ṣí ìwé títí màá fi rí ibi tí wọ́n ti ń lu ara wọn.

Àwa tá à ń ka ìwé ìjà kì í kà á bákan náà. Ní kíláàsì wa, odindi àkókò bréèkì ni àwọn ọmọkùnrin fi jiyàn pé bí Àkàrà-ògùn bá pàdé Bruce Lee, ta ni yóò ṣubú. (Èmi ò rò pé Bruce Lee mọ ọfọ̀ kankan.) Àmọ́ bọ̀ọ̀dá kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ òru ní iléeṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran. Ó ní ìwé ńlá kan nípa Musashi, onídà ará Japan. Eiji Yoshikawa ló kọ ọ́, inú ìwé ìròyìn ló sì ti kọ́kọ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti 1935 sí 1939. Ẹ ò rí nǹkan? Àárín ọdún wọ̀nyẹn náà, ní 1938, ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà jáde nílé wa níbí. Mo rò pé ìjà ìkẹyìn ni bọ̀ọ̀dá máa sọ fún mi, níbi tí Musashi ti fi àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi gbẹ́ idà onígi, tó fi ṣẹ́gun Kojirō onídà gígùn. Rárá o. Ibi tóun fẹ́ràn jù, ó ní, ni ibi tí Musashi ti di ọkọ́ mú, tó ń ro oko lórí ilẹ̀ tí omi ń bà jẹ́. Ó ní bí iṣẹ́ òru bá ti tán òun lókun, ibẹ̀ lòun máa ń ṣí.

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Àwa tá à ń gbé Agége mọ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré kiri pẹ̀lú àdá lóru. Màmá mi kì í jẹ́ kí aago mẹ́jọ lù kó tó kó búrẹ́dì wọlé. Àwọn yẹn ò dárúkọ ara wọn fún ẹnikẹ́ni, wọn ò kìlọ̀. Ogún èèyàn ló ń bo ẹnì kan. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka Olówó-ayé máa mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìjà. Ta ló máa fi ìyàtọ̀ yẹn hàn wá bí wọ́n bá kó ìwé lọ?

Mi ò sọ pé ìwé ò lọ́wọ́ sí i rárá. Ìjà inú rẹ̀ wọ ọmọ yẹn lórí, ọwọ́ rẹ̀ sì gbé rúlà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo yá a níwèé ò bá a jókòó, mi ò bi í léèrè ohun tó kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá tíṣà wa, mo ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí èmi àti ọmọ náà ka ibi tó fò yẹn sókè fún gbogbo SS1 lọ́jọ́ Ẹtì. Tíṣà ní àwọn máa rò ó.

Lánàá, ọmọ tó fara gbọgbẹ́ wá bá mi ní géètì. Báńdéèjì ṣì wà lápá rẹ̀. Ó ní, "Sẹ́níọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá èmi náà níwèé yẹn, kí n rí nǹkan tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá ọgbẹ́ sí mi lára."

Mo ní kó ní sùúrù, kọ́bọ́ọ̀dù ṣì wà ní títì.