Ta Ló Gbé Amúlétutù Sí 16?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo wọ báńkì kan l'Óṣogbo. Oòrùn ń jóni níta. Nínú ilé, òtútù mú mi bí ẹni tó wà lórí òkè Ìjẹ̀ṣà nígbà ọyẹ́. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn wọ súwẹ́tà. Mo gbójú sókè: 16 ni wọ́n gbé amúlétutù sí! Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣe gbé e sí 25, kí ẹ bọ́ súwẹ́tà?" Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ má bínú, sà, rìmóòtù ò sí lọ́wọ́ wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló rán mi létí oṣù kẹrin 2024. Ìgbà náà ni wọ́n gbé owó iná àwọn Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti nǹkan bí N68 lọ sí N225 lórí yúníìtì kan. Kò pẹ́ tí Adébáyọ̀ Adélabú, mínísítà iná nígbà náà, fi ní àwa ará ìlú là ń fi iná ṣòfò, pé a ń lọ síbi iṣẹ́ tán, fírísà ń ṣiṣẹ́ nílé. Ariwo ta, ó sì tọrọ àforíjì.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹja aísì n'Íléṣà. Ó ní, "Àbúrò, òótọ́ ni, ẹja tó ti dì á dúró di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á láàárọ̀, tí wọn ò mú iná wá lálẹ́ ńkọ́?"

Ẹ dá a lóhùn! Ẹni tó mọ ìgbà tí iná yóò dé ló lè ṣún un lò. L'Óṣogbo níhìn-ín ni ilé ìdarí iná gbogbo Nàìjíríà wà; ẹ bi ará Òṣogbo bóyá ó mọ ìgbà tí iná yóò lọ. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé fúnni kí wọ́n tó lóṣòó gba owó. Mítà òde òní ńkọ́? Owó ló kọ́kọ́ ń gbà!

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní amúlétutù nílé, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ rò pé 16 ń mú yàrá tutù kíá ju 25 lọ? Irọ́ ni, pàápàá fún èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Bákan náà ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ní 25, bí yàrá bá tutù tó, á sinmi. Ní 16, lọ́sàn-án tiwa yìí, bóyá ló máa sinmi. Ti họ́ọ̀sì kan ààbọ̀ lè jẹ ju yúníìtì kan lọ ní wákàtí kan. Ẹ fi owó mítà yín ṣírò rẹ̀.

Ní 1979, Carter fòfin dè é l'Ámẹ́ríkà pé ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ tutù ju nǹkan bí 26 lọ. Sípéènì fi tiwọn sí 27 ní 2022. Ilé ìjọba àti ibi ìtajà ni wọ́n dojú kọ, wọn ò lọ ka fírísà mọ́ ẹlẹ́ja nílé.

Kí ìjọba Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ní sẹkitéríàtì, kí Àbújá náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí báńkì sì gbé rìmóòtù fún àǹtí onísúwẹ́tà. Èmi ti gbé tèmi sí 26 lánàá. Ìyàwó mi ní ooru ń mú òun. A ṣì wà lórí ẹ̀.