Ẹni Tó Yẹ Kó Jẹ́jọ́ Ló Jókòó Sórí Àga Adájọ́

Lọ́dọọdún, bí èsì ìdánwò WAEC bá ti jáde, ìdájọ́ ilé ìwé girama ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ó ka iye ọmọ tó gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, a ó fi ilé ìwé kan ṣe àkọ́kọ́, a ó fi òmíràn ṣe ìgbẹ̀yìn, ẹjọ́ ti tán. Bí ìdájọ́ yìí ṣe ń dé Àkúrẹ́ ló ń dé etí omi Ìlàjẹ, ó ń dé Zion Pepe, ó ń dé Ugbónlà àti Àwòyè. Àwọn kan náà ló sì máa ń jẹ̀bi: ọmọ tí kò kàwé, olùkọ́ tí kò kọ́ni, òbí tó mú ọmọ lọ sídìí àwọ̀n. Lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé ni mo pè jọ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ adájọ́. Àwọn tí mo mú wá síwájú yín ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti ọwọ́ gómìnà kan dé ọwọ́ òmíràn, àti ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú àjọ tó dá sílẹ̀ nítorí ilẹ̀ epo. Ohun tí mo fi kàn wọ́n ni pé àwọn ló sọ ilé ìwé orí omi di ohun tó dà, àwọn náà ló tún ń fún un ní máàkì.

Ẹ̀sùn kìíní ni pé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń dájọ́ kò péye, wọ́n sì mọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ WAEC kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe ìdánwò ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún tó ní Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú. Ariwo sọ, kálukú ní àwọn ọmọ ìwòyí kò fẹ́ kàwé mọ́. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí àjọ náà fi padà wá sọ pé àṣìṣe wà nínú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn ìbéèrè tí wọ́n tò lóríṣiríṣi kí àwọn ọmọ má baà wo ara wọn. Iye náà di 62.96. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti ṣubú lọ́jọ́ Ajé ló yege lọ́jọ́ Ẹtì láìṣí ojú ìwé kan tí wọ́n kà sí i. Lọ́jọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìwé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì pẹ́ dé débi pé àwọn ọmọ níbòmíràn kọ ọ́ lóru, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń tàn sórí ìwé. Èsì tiwọn náà wà nínú iye tí wọ́n fi ń to ilé ìwé ní ipò. Ti àwọn ilé ìwé tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ kí wọ́n lè kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn ńkọ́? Ipò iwájú ni tiwọn. Ọ̀gá ilé ìwé tó bá kọ irú owó bẹ́ẹ̀ ní etí omi yóò wà nísàlẹ̀, wọn yóò sì pe ilé ìwé rẹ̀ ní èyí tó bàjẹ́. Òṣùwọ̀n tó ń gbé olè lékè tó sì ń tẹ olóòótọ́ mọ́lẹ̀ ni wọ́n gbé sọ́wọ́, òun ni wọ́n sì fi ń wọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀sùn kejì ni ti láàbù, màá sì dúró pẹ́ níbí. Kí ìdánwò àfọwọ́ṣe Kẹ́mísírì tó bẹ̀rẹ̀, WAEC máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwé pé kí wọ́n pèsè ásíìdì báyìí, álíkálì báyìí, búrẹ́ẹ̀tì àti pípẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwé ló máa wá a. Ní Àkúrẹ́, ẹnì kan á yà sọ́jà, á sì padà dé kí oòrùn tó wọ̀. Ní etí omi, ẹni tí wọ́n rán yóò wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, yóò tún wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa tàbí síwájú síi, yóò sì gbé ìgò ásíìdì náà sáàárín orúnkún padà lórí omi tó ń ru. Ká tiẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ dé láyọ̀. Ẹ wo ọmọ náà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó fi ọwọ́ òsì di ẹnu ẹ̀rọ búrẹ́ẹ̀tì mú, ó ń fi ọ̀tún mi ìgò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi inú ìgò náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí methyl orange tí wọ́n kán sí i. Ásíìdì gbọ́dọ̀ máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ yóò fi yí padà lórí ẹ̀kán kan ṣoṣo, ibẹ̀ gan-an ni ọmọ gbọ́dọ̀ ti pa á dé. Ọmọ tó ti ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kíláàsì karùn-ún mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ rọra. Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì yóò ṣí i sílẹ̀, omi yóò pupa fòò, yóò sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó ń máàkì fẹ́ kí àwọn iye tó kọ súnmọ́ra débi pé ìyàtọ̀ wọn kò ní ju 0.20 lọ, tirẹ̀ fi odidi méjì jìnnà síra. Kò sí ibi tí wọ́n ti máa kọ ọ́ sórí ìwé náà pé kò sí láàbù, pé olùkọ́ Kẹ́mísírì kò sí láti ọdún tó kọjá, pé búrẹ́ẹ̀tì méjì ni ogójì ọmọ fi ń ṣe gbogbo ẹ̀kọ́. F9 ni yóò jáde. Ilé ìwé ìjọba tó wà nírú ipò yìí kò lóǹkà ní ilẹ̀ wa, etí omi sì ni ìyà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìjọba kò fún ọmọ ní ohun èlò, ó wá fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti olùkọ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé olùkọ́ kan fún ogójì ọmọ ní girama. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì á pín iye olùkọ́ ìpínlẹ̀ sí iye ọmọ, wọ́n á ní ó dọ́gba. Ìpín yẹn kò sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí olùkọ́ náà wà. Ẹni tí TESCOM, àjọ tó ń yan olùkọ́ girama ní ìpínlẹ̀, bá fi ránṣẹ́ sí orí omi mọ ohun tó ń lọ bá: kò sí ilé olùkọ́, kò sí iná, owó ọkọ̀ ń jẹ owó oṣù. Bó bá ní ẹni tó mọ̀, kò ní pẹ́ tí ìwé yóò fi dé pé kó padà sí orí ilẹ̀. Mi ò bá olùkọ́ wí. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó mọ̀ pé ibẹ̀ le, tí kò kọ́ ilé, tí kò fi owó kún owó oṣù, tó sì tún fọwọ́ sí ìwé ìpadàbọ̀. Orúkọ olùkọ́ Físíìsì á wà nínú ìwé, Físíìsì kò ní sí ní kíláàsì, olùkọ́ Bíbélì mẹ́ta kò sì lè dí àlàfo náà. Níbẹ̀ ni àwọn òbí yóò ti dáwó nípasẹ̀ PTA láti gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NCE kó wá ran ilé ìwé lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ilé ìwé ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, owó ẹja ni wọ́n fi ń san olùkọ́.

Ẹ̀sùn kẹrin kò gùn. Òfin UBE, ti ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tó jáde ní ọdún 2004, sọ pé dandan ni kí gbogbo ìjọba ilẹ̀ yìí pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé JSS 3. Òfin kan náà sọ pé òbí tí kò bá rán ọmọ lọ yóò gba ìkìlọ̀, bó bá tún ṣe é, yóò san 2,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ẹ wá ìyà tí òfin náà là sílẹ̀ fún ìjọba tí kò bá pèsè ilé ìwé. Kò sí. Ní 2010, lórí ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAP pè nítorí owó tí wọ́n kó jẹ ní UBEC, àjọ tó ń bójú tó ètò náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ wá owó dí ibi tó lu, kí ọmọ má baà pàdánù ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òfin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe, apẹja nìkan ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ halẹ̀ mọ́.

Ẹ̀sùn karùn-ún ni owó. Omi Ìlàjẹ ni epo tó sọ Oǹdó di ìpínlẹ̀ elépo ti ń jáde. Òfin ilẹ̀ wa fún ìpínlẹ̀ irú bẹ́ẹ̀ ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo rẹ̀, ó kéré tán. Láyé Gómìnà Adéfaratì ni wọ́n dá àjọ OSOPADEC sílẹ̀ kí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn lè padà sí àwọn ìlú tí epo ti ń jáde. NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ilẹ̀ epo, ti wà láti ọdún 2000. Kí ni wọ́n fi ṣe? Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé NDDC wò, ìròyìn tí wọ́n gbé fún ìjọba ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 sọ pé iṣẹ́ àgbàṣe 13,777 ló ní ọwọ́ kan nínú, owó tó sì wọ ibẹ̀ láàárín 2001 sí 2019 tó tírílíọ̀nù 6 náírà. Ẹ lọ sí Ayétòrò ní etí òkun Ìlàjẹ kí ẹ wo ọ̀kan nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ní 2004, NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun tó lé ní bílíọ̀nù 6 náírà jáde. Ìdènà kankan kò dìde. Òkun ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ìjọsìn, ó ti gbé ibi tí ọmọ ti ń kàwé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé orí omi kò ṣeé gbé ilé ìwé sí. Lọ́dún 1947, àwọn Aládùúrà apẹja dá Ayétòrò sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀, láìsí kọ́bọ̀ epo kan. Wọ́n kó owó ẹja jọ, wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n fa iná mànàmáná kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, wọ́n dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ fún bàtà, aṣọ, iṣẹ́ igi àti ọkọ̀ kíkàn, wọ́n sì rán ọmọ wọn lọ sí òkè òkun láti kàwé. Àwọn tí kò ní nǹkan kan kọ́ ọ. Àwọn tó ní owó epo lọ́wọ́ dúró títí òkun fi wó o.

Ẹ̀sùn kẹfà ni iná àti ọkọ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn, tí wáyà kàn wà lójú títì láìsí iná nínú rẹ̀. Inú òkùnkùn yìí ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò WAEC àti NECO ń lọ. Ọmọ tí kò tíì fọwọ́ kan bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà yóò bá ọmọ Ìkẹjà du ipò kan náà. Ní ti ọkọ̀, lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, kò pé oṣù méjì tí lítà epo kan tó wà nísàlẹ̀ 200 náírà fi kọjá 600. Gbogbo ẹ́ńjìnnì Yamaha tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé lórí omi, epo ló ń mu. Òbí tí kò bá lè san án yóò fún ọmọ ní àjẹ̀ kó máa wakọ̀ lọ fúnra rẹ̀, yóò dé nígbà tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti parí, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ti tutù dé àyà, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pẹ́ dé. Epo jáde lábẹ́ omi rẹ̀, owó epo ló sì dènà rẹ̀ lọ́nà ilé ìwé.

Ìgbèjà wọn kò ju ọ̀kan lọ: ọ̀nà jìn, omi le. Chevron ń dé inú òkun náà lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ ìbò, àpótí ń dé Zion Pepe, ń dé gbogbo abúlé tó wà lórí òpó, ó sì ń padà sí Ìgbọ́kọ̀dá kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi kì í le nígbà tí ohun tí wọ́n fẹ́ gbà bá wà níbẹ̀.

Ẹ̀sùn keje ló wúwo jù lójú tèmi. Fún ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn ará etí omi pé ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ kò mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 2023, ọmọ Ọ̀bẹ́ńlá ní Ìlàjẹ ló jókòó sí ọ́fíìsì gómìnà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló ti borí nínú ìbò. Ó mọ omi náà, ó mọ ọkọ̀ náà, ó mọ ohun tó ń gbà kí ọmọ tó dé kíláàsì. Àìmọ̀ kò sí nínú àwíjàre mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó jókòó dájọ́, ẹ pàṣẹ kí wọ́n kó àwọn ìwé yìí wá: orúkọ gbogbo olùkọ́ tí wọ́n rán sí ilé ìwé girama ìjọba ní Ìlàjẹ láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, pẹ̀lú ọjọ́ tí oníkálukú dé àti ọjọ́ tó lọ, ìwé owó OSOPADEC, ilé ìwé kan lẹ́yìn èkejì, ìròyìn àyẹ̀wò NDDC ti 2021, láìyọ ojú ìwé kankan kúrò, àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí iṣẹ́ Ayétòrò ti 2004.