Ọ̀nà Yangí Ìwó Yẹ fún Kẹ̀kẹ́ Wa



Ẹ wo inú mọ́sáláṣí wa: àga tí àwọn ará fi ń jókòó kírun ń pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ súgà àti orúnkún dídùn ló fà á fún ọ̀pọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀pọ̀ baba wa gùn lọ sóko ní àyíká Ìwó. Lónìí, ọ̀kadà la ń gùn lọ síbi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé. Èrò tèmi ni pé kí a padà sórí kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe lójú títì tí ọkọ̀ ti ń sáré, bí kò ṣe lórí àwọn ọ̀nà yangí tó já sí abúlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìmárale lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn Àsùbáà, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, lọ́jọ́ márùn-ún, pé e.

Yangí máa ń yọ̀. Táyà tó fẹ̀, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò le jù, ló dára. Ẹ mú omi dání, ẹ má dá lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ bo imú nítorí eruku. Ẹ wẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó dúró ní sàfù. Kí aláìsàn kọ́kọ́ bi dókítà.

Àmáànà Allah ni ara wa. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa yan ọ̀nà kan ní Sátidé yìí, kí a bẹ̀rẹ̀.